Òrùlé Tí Mo Yà fún Òjò Dídì

Ilé àkọ́kọ́ tí mo yàwòrán òrùlé rẹ̀ fún àwọn ará Kánádà, mi ò débẹ̀ rí títí di òní. Ìkàrẹ́ ni mo jókòó sí tí mo fi yà á, nínú yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́nà ọjà, níbi tí ariwo ọlọ́kadà kì í ti í dá. Mo ní kọ̀ǹpútà kan, bátìrì sólà méjì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ, àti fèrèsé kan tó kọjú sí òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe nínú yàrá yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, mo máa ń dáhùn pé òrùlé ni mò ń kàn. Wọ́n á wo ọwọ́ mi, wọ́n á wo èékánná mi tí mo kùn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà ló gbà mí. Lọ́dọ̀ tiwọn, káfíńtà kì í gun orí ilé lọ máa to igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ṣe níbí. Nílẹ̀, nínú ilé iṣẹ́, ni wọ́n ti ń to igi òrùlé pọ̀ ní onígun mẹ́ta, tí wọ́n á fi irin eléyín há gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ọkọ̀ tó wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Férémù ni mo máa ń pè é fún àwọn ará ilé wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yàwòrán férémù kọ̀ọ̀kan, kí n sọ bí igi rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó, kí n sì sọ bí ọ̀kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì tí wọ́n bá tò ó sórí ilé.

Kì í ṣe ilé ìwé ló kọ́kọ́ fi òrùlé mọ̀ mí. Bàbá mi ni. Káfíńtà ni, ní Ọ̀kà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò kan nílùú náà tí kò gun òrùlé ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òkè ló máa ń wò lọ. “Ti ibí yìí, èmi ni. Tọ̀hún yẹn, ẹni tó kàn án kánjú, ẹ wo bó ṣe tẹ̀ láàárín.” Èmi náà á gbójú sókè, màá sì fẹsẹ̀ kọ òkúta. Àmọ́ nígbà tó lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, màmá mi sì gba àkàbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o. Ó gbé àkàbà náà wọ yàrá tirẹ̀, ó sì ń sá aṣọ lé e. Láti ìgbà náà, iwájú ilé ni bàbá máa ń jókòó sí, tí yóò máa wo àwọn ọ̀dọ́ káfíńtà tó ń gun ọ̀kadà kọjá, tí yóò sì máa sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé àwọn yẹn ò mọ ìṣó yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́.

Oṣù kejì tí mo débi iṣẹ́ ni wọ́n gbé ilé kan fún mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, gáréèjì ọkọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òrùlé gáréèjì náà rẹlẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ilé gíga náà. Ohun tó sì ń da òrùlé láàmú nílùú wọn yàtọ̀ sí ti ìlú wa. Níbí, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá, òun ló ń ká páànù lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, òjò dídì ni, tó ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti òkè, tó sì lè jókòó sórí ilé fún oṣù mélòó kan láìyọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú Bíbélì, òjò dídì ni wọ́n ń pè é. Nílé wa, sínò ni gbogbo wa ń wí.

Mo wo ìwé, mo rí bí sínò ìlú náà ṣe máa ń wúwo tó. Mo pín ìwúwo yẹn dọ́gba sórí òrùlé gáréèjì bí ẹni ń tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì sáàárín férémù kan sí èkejì, láti ìdí ògiri títí dé etí òde. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ọsàn.

N kò tíì bó ọsàn kejì tán tí iṣẹ́ fi padà. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi, ti fi àmì pupa rògodo yí ibi tí òrùlé gáréèjì ti kan ògiri ká. Gbólóhùn kan ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: “Èyí tí afẹ́fẹ́ gbá jọ dà?” Kò pẹ́ ló pè mí, tí mo rí ojú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, gíláàsì rẹ̀ lórí irun.

“Ṣé o ti rí sínò rí?” ó bi mí.

“Rárá, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. “Kò burú. Ohun tí o ṣe yìí ì bá dára ká ní sínò máa ń dúró síbi tó bọ́ sí. Kì í dúró. Afẹ́fẹ́ ń kó o kiri. Ibì kan wà tí o lè tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí yóò fi bá ọ ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o tẹ̀ ẹ́ nígbà tí o kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé yẹn. Kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì.”

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Mo ka àlàyé lọ, mo kà á bọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yé mi, òun fúnra rẹ̀ ni kò yé mi. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ máa ń gbé sínò láti orí ilé gíga, tí yóò dà á jọ sórí èyí tó rẹlẹ̀, nídìí ògiri. Mo wá ń bi ara mi pé, afẹ́fẹ́ tó lágbára tó láti gbé e, kí ló dé tí kò gbé e lọ tán? Ta ló ní kó dúró nídìí ògiri? Mo yà á sórí bébà lọ́nà mẹ́fà. Mo fi ìyẹ̀fun eérú díẹ̀ sórí ìwé, mo fẹnu fẹ́ ẹ, ó bà mí lójú. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́rú, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sí ibùdókọ̀, mo sì wọ mọ́tò Ọ̀kà.

Ọyẹ́ ti mú gan-an lásìkò náà. A dé Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé pẹ̀lú báàgì, wọ́n ń fi òrí ra ètè wọn tó ti gbẹ. Òkè Ọ̀kà kò hàn títí a fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kùrukùru. Bí mọ́tò ti ń pọ́nkè, mo ń wo àwọn òrùlé bí mo ti máa ń wò wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì ń sọ ọ́ sínú pé, ti bàbá nìyẹn, ti bàbá nìyẹn.

Ó wà níwájú ilé, ó wọ ẹ̀wù òtútù tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún un, ó sì fi fìlà bo etí.

“Ẹ kúulé, bàbá.”

“Káàbọ̀, ìyá mi. Kí ló gbé ọ wálé láàárín ọ̀sẹ̀? Ṣé wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́ ni?”

“Wọn ò tíì lé mi. Tí n kò bá mọ ohun kan kó tó di ọjọ́ Ẹtì ni wọn ó lé mi.”

Kò sí ẹni tó fẹ́ lé mi. Mo kàn fi kún un ni. Ṣùgbọ́n bàbá dìde lórí àga. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó dìde báyẹn láìkọ́kọ́ di orúnkún mú. Mo ṣẹ́ igi kan, mo yàwòrán ilé náà sílẹ̀: ilé gíga, gáréèjì tó fẹ̀gbẹ́ tì í. Mo sọ ohun tí ọ̀gá mi wí.

Ó wò ó títí. “Sínò yẹn, báwo ló ṣe rí? Ṣé bí omi ni, àbí bí iyanrìn?”

“Wọ́n ní ó máa ń fúyẹ́ bí òwú tó bá ń bọ́. Tó bá pẹ́ nílẹ̀ ló máa ń le, tó ń wúwo.”

“Afẹ́fẹ́ lè gbé e?”

“Afẹ́fẹ́ lè gbé e, sà.”

“Bí afẹ́fẹ́ bá lè gbé e, kì í ṣe òjò mọ́. Eruku ni. Lọ sẹ́yìnkùlé, kí o wo orí ilé ìdáná.”

Mo lọ. Ilé ìdáná wa rẹlẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ilé ńlá, gẹ́gẹ́ bí gáréèjì yẹn ṣe fẹ̀gbẹ́ ti ilé tirẹ̀. Abẹ́ òrùlé yẹn ni mo ti jẹun ní gbogbo ìgbà èwe mi, mi ò ronú kan òkè rẹ̀ rí. Mo gun orí ọpọ́n ìfọṣọ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo yọjú. Ní etí òde, páànù ń dán. Nídìí ògiri, ewé máńgòrò gbígbẹ àti eruku ọyẹ́ ti dì jọ, ó ga tó igbá méjì. Mo dúró sórí ọpọ́n yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

“Ọdọọdún ni mo máa ń gun ibẹ̀ gbá a kúrò,” bàbá wí lẹ́yìn mi, “kí wọ́n tó gba àkàbà lọ́wọ́ mi nínú ilé yìí.” Ó gbé ohùn sókè níbi gbólóhùn ìkẹyìn, kí màmá lè gbọ́ ọ láti inú.

“Àmọ́ kí ló dé tí afẹ́fẹ́ kò gbé e lọ tán, bàbá?”

“Aláàárù ni afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá ń sáré, ẹrù wà lórí rẹ̀. Tó bá fo ògiri kọjá tó bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ dákẹ́, kò sí eré mọ́. Kí ni aláàárù máa ń ṣe tó bá débi tó dákẹ́?”

“Á sọ ẹrù kalẹ̀.”

“Á sọ ọ́ kalẹ̀, á sinmi. Ohun tó ń ṣe nídìí ògiri nìyẹn.”

Mo ti ka ojú ìwé mọ́kànlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí aláàárù nínú ọ̀kankan nínú wọn.

Bàbá kò fẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ní kí a ṣe é kí a fojú rí i. Ó wọ inú yàrá tó ń kó irin iṣẹ́ sí, mo sì gbọ́ tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn tí mi ò gbọ́ nílé yẹn fún bí ọdún méjì. Ègé páláńkì àti pákó pẹlẹbẹ tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ àtijọ́ ló fi ṣe é: àpótí gíga kan dípò ilé, èyí tó rẹlẹ̀ dípò gáréèjì, òrùlé gáréèjì ga bí orúnkún mi. Ó kan wọ́n pọ̀, ó fi ọwọ́ pa etí wọn kó má bàa gún mi. Kò tó wákàtí kan. Èmi mú àpò ìyẹ̀fun pákó tí màmá fi ń dáná nínú ààrò, a gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ gbuurugbu láti ìhà àríwá.

A ò wo ohun tó wà lórí àpáta náà dáadáa. Màmá sá pákí síbẹ̀, funfun báláú, fún láfún. Bàbá bu ìyẹ̀fun pákó lọ́wọ́ méjèèjì, ó dà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ gbà á. Kò kan àpótí wa rárá. Ó gba orí rẹ̀ kọjá bí ọ̀wọ́ eṣú, ó sì bà lé pákí màmá, gbogbo rẹ̀.

Màmá mi, ọmọ Àrìgìdì ni. Yorùbá ló fi tọ́ wa, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i tàbí tí inú rẹ̀ bá dùn kọjá ààlà, èdè Àrìgìdì ló máa ń jáde, bàbá tó sì ti fẹ́ ẹ láti ogójì ọdún kò gbọ́ ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ó jáde, ó rí pákí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ lọ gbọọrọ. Bàbá dúró, ó di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú bí ọmọ iléèwé.

“Kí ni wọ́n wí, bàbá?” mo rọra bi í.

“Mo gbọ́ ‘àgbàlagbà’,” ó ní. “Ìyókù, kò nílò ògbufọ̀.”

Mo bẹ màmá. Mo sọ pé iṣẹ́ mi ni, mo ṣàlàyé sínò, ògiri, àti afẹ́fẹ́ tó jẹ́ aláàárù. Màmá wo àpótí, ó wo àpò, ó wo ọ̀run. Ó padà sí Yorùbá.

“Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ afẹ́fẹ́. Ta ló ń da nǹkan sókè lódindi báyẹn? Ṣé bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ̀wà nìyẹn? Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan rí lójú ayé rẹ̀, òun ló ń kọ́ ọmọ ní afẹ́fẹ́.”

Ó wọlé, ó mú ajọ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ ní kí a kó pákí òun wọlé, kí a gbọ̀n ọ́n ní ègé kọ̀ọ̀kan, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dúró síwájú àpótí gíga, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ó bu ìyẹ̀fun pákó díẹ̀ sínú ajọ̀, ó gbé e sókè, ó ń fi ọwọ́ kan rọra gbọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun náà ń já bọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mi ò tíì rí sínò, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bó ṣe ń bọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbà á lórí àpótí gíga, ó gbá a dé etí rẹ̀, ó rékọjá. Bó ti rékọjá ló rọ́ sílẹ̀, sórí òrùlé kékeré, nídìí ògiri.

 Màmá ń gbọ̀n ọ́n, èmi ń bu sí i, bàbá kúnlẹ̀ sórí àpáta, ó gbàgbé pé orúnkún ń dùn ún, ó ń wo bí òkìtì kékeré yẹn ṣe ń ga. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí a dúró. Ó fi rúlà wọn ọ́n. Íǹṣì mẹ́rin nídìí ògiri. Bó ṣe ń jìnnà sí ògiri ló ń rẹlẹ̀, títí tó fi parẹ́ láàárín òrùlé. Ní etí òde, bóyá ló fi bo pákó.

“Wò ó bó ṣe rí,” bàbá wí. “Bí ègé igi tí a fi ń há ẹnu ọ̀nà. Ó nípọn ní ìdí, ó tín-ín-rín lórí.” Ó wá wojú mi. “Àwọn férémù rẹ, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà tò?”

Mo fi ìka hàn án. Gbogbo wọn ló bá ògiri rìn ní ọgbọọgba, èkíní nídìí ògiri gan-an, èkejì tẹ̀ lé e, títí dé etí òde.

“O sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì sáàárín gbogbo wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Bí a bá fẹ́ gbé ìtì igi tí ìdí rẹ̀ wúwo ju orí lọ, ṣé iye èèyàn kan náà la ó fi sí ìdí àti orí?”

“Rárá. Ìdí la ó kó èèyàn sí.”

“Kó èèyàn sí ìdí,” ó ní. “Jẹ́ kí wọ́n fún mọ́ra níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan-kan, fún bíi mẹ́rin. Lẹ́yìn náà o lè máa jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀díẹ̀.”

Mo dì mọ́ ọn lórí àpáta yẹn, ìyẹ̀fun pákó ní irun àwa méjèèjì. Màmá ní bí a bá ti parí, kí ẹnìkan wá bá òun gún iyán.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sí Ìkàrẹ́, mo jókòó, mo fọwọ́ ṣe ìṣirò. Bí mo ṣe rí òkìtì yẹn lórí àpáta ló wà lójú mi, ohun tí mo sì ń kọ sílẹ̀ wá ní ìrísí àti ìwúwo. Nígbà tí mo parí, mo wá tẹ ibi tí ọ̀gá mi sọ, kọ̀ǹpútà ṣe tirẹ̀. Ìdáhùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Férémù márùn-ún àkọ́kọ́ nídìí ògiri yóò wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa jìnnà síra. Mo pe bàbá lórí fóònù.

“Márùn-ún ni, bàbá. Ẹ̀yin ní mẹ́rin.”

“Mẹ́rin ni mo fojú wò,” ó ní. “Ojú mi ò tíì wọ Kánádà. Fi márùn-ún sí i. Òrùlé tó bá le jù kò pa ẹnì kan rí.”

Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bi mí bó ṣe yé mi. Kàkà kí n máa ṣàlàyé, mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i: bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú rúlà, màmá mi dúró tì í pẹ̀lú ajọ̀ lókè bí ẹni tó ń súre. Mo ń bẹ̀rù pé bóyá mo ti ṣe ohun tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ló yọ gíláàsì, ó nu ojú. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó kó bàbá àti ìyá rẹ̀ jáde láti kọ́ ọ. Ó tẹ fọ́tò náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn.

Bàbá kò jókòó síwájú ilé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá pè é, kó tó bi mí bóyá mo ti jẹun, “Àwọn onísínò ńkọ́?” ni yóò kọ́kọ́ wí. Mo máa ń sọ irú òrùlé tó wà níwájú mi fún un, òun á sì kàn án ní kékeré: òrùlé tó ní kòtò láàárín, òrùlé méjì tó kọjú síra wọn, òrùlé tó ní ògiri kúkúrú létí. Ó tò wọ́n sí pálọ̀. Màmá ní òun ò ríbi gbé iṣu sí mọ́, ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, òun ló máa ń mú wọn lọ wò ó, òun náà ló sì máa ń ṣàlàyé afẹ́fẹ́. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ káfíńtà tí bàbá ń bú wá wò ó lọ́jọ́ kan. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, bàbá sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn, bí a bá ní kí a sọ òótọ́, mọ ìṣó díẹ̀.

Ọyẹ́ mìíràn dé kí a tó gbọ́ nípa ilé náà. Mo wà ní Ọ̀kà lọ́jọ́ náà, ó jẹ́ ọ̀sán, nígbà tí ọ̀gá mi pè. Ó ní òun wà níwájú ilé onígáréèjì yẹn, pé àwọn tó ni ín gba òun láàyè láti fi hàn mí. Mo ké sí bàbá, mo ké sí màmá, àwa mẹ́ta sì fi orí kan orí níwájú fóònù.

Ohun gbogbo funfun. Mo rí ilé gíga, mo rí ògiri rẹ̀, mo sì rí òkìtì sínò lórí gáréèjì, ó ga nídìí ògiri, ó ń rẹlẹ̀ bọ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ létí òde. Bàbá sún mọ́ fóònù. Ó fi ìka tọ òkìtì náà lórí fóònù láti òkè délẹ̀, àwòrán sì sá kúrò, a ní láti wá a padà.

“Ṣé èèyàn wà nínú ilé náà?” ó bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Tọkọtaya kan ni, àti ọmọ wọn.”

“Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa?”

Mo bi ọ̀gá mi. Ó ní wọ́n ń sùn dáadáa, pé òrùlé náà kò tẹ̀, kò dún.

“Bá mi bi í bó ṣe wúwo tó. Mo ń gbọ́ ‘wúwo, wúwo’ látijọ́, mi ò tíì rí i kí ẹnì kan gbé e.”

Mo sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá mi gbé fóònù fún ẹnì kan dìmú. Ó mú garawa kan, ó bu sínò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kún un láàárín ọgbà, ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ó ń jù ú fì. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìn ilé, síbi tí afẹ́fẹ́ ti gbá a jọ sídìí ògiri nílẹ̀. Ṣọ́bìrì ló fi gé e, ó ń jáde ní ègé-ègé bí ẹ̀kọ tó dì. Ó kó o kún garawa kan náà. Ó fi ọwọ́ kan fà á, kò gbéra. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀, ó jókòó sínú sínò gbì.

Bàbá pariwo, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!” ó sì na ọwọ́ sí fóònù bí ẹni tó fẹ́ fà á dìde. Ọ̀gá mi kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí i pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó kún fún sínò. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Àrìgìdì, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń sọ ọ́ lọ ràì, kò sì sinmi.

“Kí ni wọ́n wí?” mo bi bàbá.

“Mi ò mọ̀,” ó ní, omi ẹ̀rín lójú rẹ̀. “Sọ fún obìnrin yẹn kó dìde kúrò nínú òtútù.”